Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Charles Philip Fox Lórí Ìwé Ìpolówó Sákọ́ọ̀sì

Ìwé ìpolówó sákọ́ọ̀sì, eré ẹranko òun àwọn atakìtì, kì í pẹ́ lára ògiri. Bí eré bá ti kúrò nílùú, òjò a fọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n lẹ òmíràn lé e. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Charles Philip Fox (1913–2003), ọmọ Amẹ́ríkà, ń ṣà jọ. Ó darí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sákọ́ọ̀sì ní Baraboo láti 1960 títí di 1972. Ìwé rẹ̀ ti 1978 sì fi àwọn àwòrán náà hàn tàwọ̀tàwọ̀. Iṣẹ́ takuntakun ni.

Àmọ́ ẹwà àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́. Ní 1930, sákọ́ọ̀sì Ringling Bros. and Barnum & Bailey polówó àwọn obìnrin kan láti àárín gbùngbùn Áfíríkà, tí àwo pẹlẹbẹ wà létè wọn, ní ‘Ubangi’. Orúkọ odò ni, kì í ṣe ti ẹ̀yà wọn. Roland Butler, alpolówó wọn, ló ṣà á lórí máàpù. Bí a bá tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìkọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irọ́ náà ni a bá wọn tọ́jú. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé kí wọ́n tó wọkọ̀. Èyí kọ́ ni ìpolówó ń pè wọ́n.