Ta ni Háṣítáàgì ń Bá Wí? Àyẹ̀wò #BringBackOurGirls
Ìlò èdè nínú háṣítáàgì, àmì tí ń mú kí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà rí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló jẹ wá lógún níhìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 gbé ní Chibok ní oṣù Kẹrin, ọdún 2014, #BringBackOurGirls tàn ká ayé. Michelle Obama náà gbé àkọlé rẹ̀ dání ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ 'our' ló ṣe iṣẹ́ yìí: ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ta ni gbólóhùn àṣẹ náà ń bá wí? Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, a lè yàn: 'ẹ dá wọn padà' ń bá ajínigbé wí, 'ẹ gbà wọ́n padà' ń bá ìjọba wí. Ní Àbújá, ìjọba ni àwọn olùfẹ̀hónúhàn kọjú sí. Ní òkè òkun, èyí fara sin. Títí di ọdún 2024, ó lé ní 80 ọmọ tí kò tíì padà. Ní èrò tiwa, háṣítáàgì lè kó èrò jọ. Àmọ́ ẹni tí a kò pè kì í jẹ́.