Àyẹ̀wò Yàtọ̀ sí Ìran: Lámèyítọ́ lórí Ọ̀rọ̀ "Voyance" Nínú Ìwé Tí A Ń Kọ Nípa Ifá

1. Ìfáàrà

Ẹni tó bá ń ti Bè lọ sí ọjà Assigamé ní Lomé yóò rí pátákó àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní voyant lẹ́bàá ọ̀nà. Nọ́ńbà tẹlifóònù wà lára pátákó náà, àti ìlérí oríṣiríṣi: ọkọ tó lọ yóò padà, ọjà yóò tà, ọ̀tá yóò hàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi èdè Faransé kàwé máa ń lò tí a bá fẹ́ túmọ̀ iṣẹ́ babaláwo, tàbí ti bokɔnɔ láàárín àwọn Ewe. Èmi náà jẹ̀bi. Nínú àpilẹ̀kọ tí mo fi gba oyè másítà, mo kọ ọ́ pé Afa jẹ́ irú "perception extrasensorielle" kan, inú mi sì dùn sí gbólóhùn náà nígbà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú bébà yìí ni pé ìtumọ̀ náà kò tọ́, àti pé àṣìṣe náà kò mọ sínú ìwé nìkan. Ó ń ṣe àwọn ènìyàn wa léṣe.

2. Ibi tí èrò náà ti wá

Èrò pé àwọn kan ní agbára láti mọ ohun tí ojú àti etí kò lè mú wá fún wọn ní ìtàn tirẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó. Charles Richet, onímọ̀ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913, tẹ Traité de métapsychique jáde ní 1922. Ní 1934, J. B. Rhine ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Extra-Sensory Perception. Bí Rhine ṣe ń dán àwọn ènìyàn wò rọrùn láti ṣàlàyé. Káàdì 25 ló ń lò. Àmì márùn-ún ló wà lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí káàdì márùn-ún. Ẹni tí wọ́n ń dán wò yóò máa dárúkọ àmì orí káàdì tí kò rí. Bí ẹni náà bá kàn ń méfò, ó ṣeé ṣe kí ó gba bíi márùn-ún nínú 25. Ẹni tó bá ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ léraléra ni Rhine kà sí alágbára. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ohun tí ó ní òun rí, wọ́n sì tọ́ka sí àlébù nínú ọ̀nà tó gbà ṣe é.

Ìjà yẹn kọ́ ni tiwa níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí a dì mú ni ibi tí Rhine fi agbára náà sí. Inú ẹni tó ń dáhùn ló fi í sí. Bí agbára bá wà, tirẹ̀ ni. Bí kò bá sí, òun náà ni kò ní in.

3. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí Ifá

Ẹ jẹ́ kí a wá wo babaláwo. William Bascom ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa nínú Ifa Divination, ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1969, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti jókòó nídìí ọpọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wá kì í dandan sọ ọ̀ràn rẹ̀ fún babaláwo; ó lè sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tó mú wá. Babaláwo yóò kó ikin 16 sí ọwọ́ kan, yóò sì fi ọwọ́ kejì bù wọ́n. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, yóò tẹ ìlà kan. Ìgbà mẹ́jọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù tó pé. Tó bá jẹ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni ó fi ń dá a, àmì mẹ́jọ náà yóò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Odù 256 ló lè yọ. Lẹ́yìn èyí ni babaláwo yóò kì ẹsẹ Ifá tó wà lábẹ́ odù náà, ẹni tó wá yóò sì mú èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu.

Níbo ni ìran wà nínú èyí? Gbogbo ẹni tó wà níjòkòó ló rí ìlà tí a tẹ̀. Ẹsẹ tí babaláwo kì, ó kọ́ ọ ni, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Níbi ìpàdé awo, bí ó bá kì í ṣì, àwọn awo yòókù yóò dá a dúró. Ohun tó ń ṣe súnmọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń kàwé ju iṣẹ́ ẹni tó ń ríran lọ.

Onífá kan lè dá mi lóhùn pé mo ti gbàgbé Ọ̀rúnmìlà. Ta ló yan odù tó yọ, bí kò ṣe Ẹlẹ́rìí Ìpín? Ìdáhùn náà tọ́, ó sì gbè mí lẹ́yìn. Lójú ẹni tó gbà gbọ́, Ọ̀rúnmìlà ló mọ ohun tó pamọ́. Lójú ẹni tí kò gbà gbọ́, odù kàn yọ bó ṣe yọ ni, ẹsẹ sì tẹ̀ lé e. Nínú méjèèjì, kò sí ibi tí agbára ìran ti di ohun ìní babaláwo.

4. Àwọn ìwé tó ṣáájú wa

Ó yani lẹ́nu pé àwọn ìwé ńlá tí a ń tọ́ka sí kò ṣe àṣìṣe yìí nínú àkọlé wọn. Bernard Maupoil, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Dahomey, kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Gedegbe tó jẹ́ awo ọba Béhanzin. Ó pe ìwé rẹ̀ ti 1943 ní La géomancie à l'ancienne Côte des Esclaves. Albert de Surgy lo géomancie bákan náà ní 1981 fún Afa àwọn Ewe etí òkun. Ọ̀rọ̀ yìí ní àǹfààní kan: ó fi Ifá sí ẹgbẹ́ iyanrìn títẹ̀ àwọn Lárúbáwá, níbi tí iṣẹ́ ti jẹ́ ti àmì àti ti kíkà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fi ẹsẹ Ifá pamọ́. Ẹni tó bá ka àkọlé náà nìkan yóò rò pé ilẹ̀ àti iyẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wándé Abímbọ́lá tún èyí ṣe nínú ìwé rẹ̀ ti 1976, tó gbé Ifá kalẹ̀ bí lítíréṣọ̀. Bascom ní tirẹ̀ pè é ní ọ̀nà tí àwọn òrìṣà àti ènìyàn ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Géomancie, lítíréṣọ̀, ìbánisọ̀rọ̀: a lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan jiyàn. Voyance kò sí nínú wọn. Àwa la gbé e wọlé.

5. Ohun tí èdè wa ti mọ̀

Ìbá ti rọrùn ká ní a bi èdè wa léèrè. Ẹni tó lọ sọ́dọ̀ babaláwo, a ní ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí dókítà ní kó lọ yọ ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò náà ló lọ ṣe. Ẹni tí Yorùbá ń pè ní aríran yàtọ̀ sí wọn: òun ló ń rí, òun nìkan ló sì rí i.

Ọ̀rọ̀ "extra" pàápàá fẹ́ ìbéèrè. Ó ń sọ pé a ti ka ọ̀nà tí ara fi ń mọ nǹkan, ó jẹ́ márùn-ún, ohun yòókù sì wà lóde. Ṣùgbọ́n Yorùbá ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ òórùn, ó sì ń gbọ́ èdè. Kathryn Linn Geurts, nínú Culture and the Senses (2002), kọ nípa seselelame láàárín àwọn Anlo-Ewe ní ìkọjá ibodè wa ní Gánà, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ nǹkan nínú ara rẹ̀. Ó sì fi hàn pé wọn kò ka ìmọ̀ ara sí márùn-ún bí a ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Kí a tó sọ pé nǹkan wà lóde, ó yẹ kí a mọ ògiri ta ni a ń sọ.

6. Ìdí tó fi kàn wá

Tàǹtí mi kan ń ta aṣọ ní Lomé. Nígbà tí ọjà wọn dẹnu kọlẹ̀, wọ́n lọ sọ́dọ̀ voyant kan. Ó ní ìyá ọkọ wọn ló di ọ̀nà mọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, tàǹtí mi kì í jẹ oúnjẹ ìyá náà mọ́, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Tàǹtí, báwo ló ṣe mọ̀?" Wọ́n ní, "Ó ní òun rí i." Ìbéèrè mi parí síbẹ̀, nítorí kò sí ohun tí a lè bi ẹni tó rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí.

N kò sọ pé babaláwo kì í purọ́ tàbí kì í ba ilé jẹ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ wà lórí ọpọ́n, ẹsẹ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn awo mìíràn, a sì lè lọ bi wọ́n. Tí a bá pe òun náà ní voyant nínú ìwé wa, a ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó lọ ṣe àyẹ̀wò. A sì ti bu iyì fún ọkùnrin orí pátákó, nítorí a fi í sí ẹgbẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́.

Àbá mi kéré. Kí a kọ "consulter Fa" bí àwọn ará Lomé àti Cotonou ṣe ń sọ ọ́, kí a sì fi voyant sílẹ̀ fún aríran. Ní ilé wa ní Atakpamé, tí ẹnikẹ́ni bá ti ọ̀dọ̀ babaláwo dé, ìbéèrè kan ni àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ bi í: "Odù wo ló yọ?" Ká ní mo ti kọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa, mi ò ní kọ gbólóhùn tí mo kọ nínú àpilẹ̀kọ mi, mi ò bá sì ti mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ fún tàǹtí mi.