Ta Ni Devil, Ta Ni Èṣù?

Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di devil. Diabolos ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni abanijẹ́, ẹni tí ń fi ẹ̀sùn èké kan ọmọnìkejì rẹ̀. Àwọn Júù tí ó yí Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì ni ó fi rọ́pò satan, tí í ṣe alátakò lédè Hébérù. Ibẹ̀ ni ó ti di orúkọ ẹ̀mí. Síbẹ̀, nínú Tímótíù Kìíní 3:11, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọn má ṣe ba ènìyàn jẹ́. Kò sí ògbufọ̀ tí ó pe obìnrin wọ̀nyẹn ní Èṣù.

Nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, Èṣù ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dípò devil. Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀ ní ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, òun ní ń ṣọ́ oríta. Ó ń gbe ẹni tí ó rúbọ, ó sì ń dààmú ẹni tí ó kọ̀. Abanijẹ́ kọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ nira lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan náà gba Sátánì wọlé bí ó ti wà, wọ́n gba áńgẹ́lì pẹ̀lú. Kí ni ì bá dí diabolos lọ́nà?

Àṣìṣe náà wọlé tọ àwọn ọmọ. Èṣùbíyì di Olúbíyì. Orúkọ tí baba fi ìdúpẹ́ sọ ọmọ di ohun ìtìjú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì kọ abanijẹ́ síwájú devil nínú ìdánwò lónìí, kò dájú pé yóò gba máàkì.