Níbi Tí Ìwọ̀n Parí Sí: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Àkójọ SGTE fún Mẹ́táàlì Aláìlábùlà

Ìfáàrà

Ní ọdún 1991, A. T. Dinsdale tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà Calphad, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní SGTE Data for Pure Elements. SGTE jẹ́ àjọṣepọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ń ṣe àkójọ ìmọ̀ nípa ooru àti agbára inú èròjà. Ẹ́límẹ́ǹtì 78 ni iṣẹ́ náà kárí, mẹ́táàlì ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti gbé iṣẹ́ náà yẹ̀ wò: kí ni ó gbé ṣe, níbo ni ó kù sí, ẹ̀kọ́ wo ni olùkọ́ lè rí fà yọ?

Ohun tí iṣẹ́ náà gbé ṣe

Bí onímọ̀ kan bá lo iye kan fún irin, tí èkejì lo iye mìíràn, iṣẹ́ àwọn méjèèjì lórí àdàlú mẹ́táàlì kò lè bára mu. Àkójọ yìí fún gbogbo wọn ní òṣùwọ̀n kan náà. Ó fi ìdọ́gba kan sọ agbára Gibbs mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan ní ipò líle àti ní ipò olómi, bí ìgbóná ṣe ń ròkè. Ipò tí agbára Gibbs rẹ̀ bá kéré jù ni mẹ́táàlì máa ń bọ́ sí. Bí àpẹẹrẹ, ètò átọ́ọ̀mù inú irin ń yí padà ní 912 °C, ó tún ń yí padà ní 1394 °C, irin sì ń yọ́ ní 1538 °C, èyí tí í ṣe 1811 K. Oríyìn tọ́ sí iṣẹ́ náà.

Ibi tí a ti ń kọminú

Òkè ìwọ̀n ìyọ́ ni ìṣòro wà. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 933 K, tungsten ń yọ́ ní 3695 K. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò àdàlú àwọn méjèèjì ní 2000 K gbọ́dọ̀ mọ agbára Gibbs alumíníọ̀mù líle, níbi tí alumíníọ̀mù ti di omi tipẹ́. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí a bá kàn fa ìdọ́gba náà gùn, ìṣirò lè sọ pé mẹ́táàlì tí ó ti yọ́ tún dì padà nínú iná tí ó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti dènà èyí, wọ́n so ẹyọ T⁻⁹ mọ́ ìdọ́gba mẹ́táàlì líle lókè ìwọ̀n ìyọ́, kí iye ooru tí ó ń gbà sára lè máa sún mọ́ ti olómi. Fún irin, 46 J fún móòlù kan fún Kelvin kan ni iye tí ó ń lọ bá. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àléébù méjì ni a rí níbẹ̀. Èkíní, kò sọ nǹkan kan fún wa nípa bí átọ́ọ̀mù ṣe ń gbọ̀n. Ìlà ooru náà kàn ṣẹ́ lójijì ní ibi ìyọ́. Èkejì, bí iye náà bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, èyí tí a wọ̀n àti èyí tí a dá lábàá kò ní ìyàtọ̀ lójú òǹwò.

Àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e

Ní ọdún 2001, Chen àti Sundman gbé àwòṣe irin líle ka orí ìgbọ̀nrìrì átọ́ọ̀mù, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti là á kalẹ̀ ní 1907. Ní 2020, Sundman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Dinsdale fúnra rẹ̀ wà lára wọn, dábàá òfin kan: bí ẹ́ńtírópì mẹ́táàlì líle bá ti ju ti olómi lọ, ìṣirò kò gbọdọ̀ gbà á láyè láti borí. Òfin yìí pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí a wọ̀n. Ohun tí ó fi dára ju ti ìṣáájú lọ lójú tiwa ni pé ó dúró ní gbangba, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè tọ́ka sí i kí ó sì jà á níyàn.

Àgbálọgbábọ̀

Àkójọ 1991 kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Àmọ́ olùkọ́ tí ó bá gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ní kí ó fa ìlà sí ibi tí ìwọ̀n parí sí, kí ó sì kọ orúkọ àbá tí ó gba ipò rẹ̀ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìlà yẹn yóò ka àbá sí ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì fi kọ́ ẹlòmíràn.