Òkúta Ojú Ọ̀run àti Ìlú Mi

Olùkọ́ wa ní kí a kọ ìtàn ìlú wa wá. Mo yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ṣí Wikipẹ́díà èdè Yorùbá, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Mo kọ́kọ́ tẹ ibi tó ti máa ń mú ojú-ewé kan jáde fúnra rẹ̀. Òkúta kan tó ń yí oòrùn po láàrin Máàsì àti Júpítà ló gbé wá. Mo tún un tẹ̀: òkúta mìíràn. Nọ́ńbà àti orúkọ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Àyọkà tó lé ní 30,000 ló wà nínú Wikipẹ́díà Yorùbá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn ló sì jẹ́ ti irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ka owó tí a sì fi ń ka ìwé. Ẹ̀rù ń bà mí pé à ń ka ojú-ewé bí owó, a kò kà á bí ìwé.

N kò fojú kéré iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni. Wọn kì í gba owó oṣù. Ẹgbẹ́ Yoruba Wikimedians ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kọ àyọkà ní èdè wa, bí kò bá sí irú wọn, òfo ni à bá bá níbẹ̀. Àléébù tí mo rí ni pé nínú ìdíje púpọ̀, iye ojú-ewé wà lára ohun tí wọ́n fi ń yan ẹni tó gbégbá orókè. Ẹni tó ń sáré iye kò ní dúró bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Òfin Wikipẹ́díà ni pé ohun tí a kò bá tíì tẹ̀ jáde níbòmíràn kò gbọdọ̀ wọlé. UNESCO fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2008, ẹni tó bá ń kọ nípa rẹ̀ ti rí ẹ̀rí tọ́ka sí. Ìtàn bí agboolé kọ̀ọ̀kan ṣe dé Ìlaró, tí ìyá mi àgbà máa ń sọ fún wa, orí ahọ́n ló ṣì wà. Òfin yìí dára, òun ni kì í jẹ́ kí irọ́ ráyè, ṣùgbọ́n òun náà ló ti ìyá àgbà mọ́ta. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà la àárín wa kọjá: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè àwọn méjèèjì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà lákọsílẹ̀ nípa wa.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwọn ilé-ìwé wa ní Yewa, láti Ìlaró dé Ayétòrò, gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀, kí àwọn olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Nígbà náà ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni yóò rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Kí àwọn náà sì fi ojú-ewé kan tó kún fún ìlú kan ṣáájú ọgọ́rùn-ún ojú-ewé tó ṣófo.

Àwọn òkúta yẹn kò ní kúrò lójú ọ̀run. Ìyá mi àgbà ti lé ní ẹni 80 ọdún.