Ẹ̀rí Inú Lẹbẹ

Bí mo bá sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ àkùràkudà ni mò ń ṣe, wọn a ní ṣé ẹ̀rù omi kì í bà mí ni. Omi wo? Inú yàrá àyẹ̀wò ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú ẹja tó lè gùn ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ègé lẹbẹ tí kò tó èékánná ló ń dé ọ̀dọ̀ mi, tí wọ́n ti rì sínú ọtí líle kó má bàa jẹrà. Ẹni tó gé e ti dá ẹja padà sínú òkun, ẹja sì ti bá tirẹ̀ lọ. Èmi ló kù sí lọ́wọ́ láti wádìí ọmọ ta ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni. A ó fi èròjà tó ń jẹ ẹran tú ègé náà títí yóò fi yòrò, ẹ̀rọ yóò yí i bírí kí pàǹtírí lè rọ̀ sísàlẹ̀, a ó wá da èyí tó mọ́ sínú ìgò míì. Lójú, omi lásán ni. Ìgbà tí ẹ̀rọ PCR bá ti ṣe ẹ̀dà apá DNA tí à ń wá lọ́pọ̀ yanturu ló tó hàn pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ̀kán omi tín-ín-tín tó wà lẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n, torí bí ti ẹja kan bá kán sínú ti òmíràn, irọ́ ni gbogbo ìtàn tó bá tẹ̀lé e.

Kí DNA tó dé, ojú la gbára lé, ojú sì máa ń ṣìnà. Ẹ wo ẹja méjì tí imú wọn gùn, tó ní eyín lọ́tùn-ún lósì bí ayùn káfíńtà. Ọ̀kan jẹ́ àkùràkudà, ihò tó fi ń mí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Èkejì ni ẹja aláyùn, abẹ́ ara ni tirẹ̀ wà, torí ọmọ ìdílé àwọn ẹja pẹlẹbẹ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ray ni. Ní 1992, ìwádìí kan tó yẹ ara wọn wò fínnífínní sọ pé inú àwọn àkùràkudà ni gbogbo ray ti yà, nítòsí ẹja àkọ́kọ́ yẹn. Ní 2003, DNA tako o: ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ray ti dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ayùn méjèèjì ti hù. (Ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹ yẹ owó sẹfá yín wò: ẹja aláyùn ni àmì tó wà lára rẹ̀. Nínú omi etíkun wa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.)

Ìtàn tí kì í sú mi sọ ni ti Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ìlú tó jìnnà sí òkun. Ní 2001, ọmọ àkùràkudà kan ṣàdédé yọ nínú adágún kan ní ọgbà ẹranko Henry Doorly. Abo bonnethead mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìbátan kékeré àwọn àkùràkudà olórí òòlù (hammerhead), kò sì sí akọ ẹ̀yà wọn kankan lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan ní bóyá ìyá ti gbé àtọ̀ pamọ́ láti òkun ni. Ọmọ náà kò pẹ́ kú, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ jẹ́rìí. Níbi kọ̀ọ̀kan tí a bá yẹ̀ wò lára DNA, ìyá ló ń mú ọ̀kan wá, bàbá a mú èkejì wá. Wọ́n wá ti bàbá títí, wọn kò rí i. Ìyá nìkan ló bí i. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 2007, nígbà tó sì di 2015 wọ́n rí irú rẹ̀ láàárín ẹja aláyùn nínú àwọn odò Florida: nǹkan bí 3 nínú 100 ni kò ní bàbá. Àwọn oníròyìn pariwo iṣẹ́ ìyanu. Èmi ò yọ̀. Ó jọ pé ẹja aláyùn ti kéré níye débi pé abo ń wá akọ tì.

DNA ń jẹ́rìí nínú òwò pẹ̀lú. Lọ́jà Hong Kong, lẹbẹ gbígbẹ nìkan lèèyàn ń bá pàdé, kò sí orí, kò sí ìrù. Ní 2002, Mahmood Shivji àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Florida gbé ọ̀nà kan jáde tí PCR ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fi lè dá oríṣi púpọ̀ mọ̀. Nígbà tí CITES, àdéhùn tó ń darí òwò ẹranko láàárín orílẹ̀-èdè, fi oríṣi olórí òòlù mẹ́ta sábẹ́ ìdarí ní Bangkok ní 2013, ohun tí aṣọ́bodè lè fi mú ẹlẹ́rù ti wà nílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ sùúrù o. DNA mitochondria àkùràkudà ń falẹ̀ láti yí padà ju ti ẹranko afọ́mọlọ́mú lọ ní ìlọ́po 7 sí 8, débi pé ẹja inú òkun méjì lè jọra wọn lójú ẹ̀rọ. Àwọn olùṣèwádìí tó wà ní Bimini ní Bahamas ní sùúrù náà. Fún bí ogún ọdún ni wọ́n fi ń mú ọmọ àkùràkudà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lemon shark, tí wọ́n ń gé lẹbẹ rẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀. Lára àwọn ọmọ ni wọ́n ti ka DNA ìyá tí wọn kò rí mú. Ní 2014 wọ́n kéde rẹ̀: ó kéré tán, abo mẹ́fà tí wọ́n bí níbẹ̀ láàárín 1993 sí 1997 ti padà wá bímọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 14 sí 17. Nítorí náà, bí wọ́n bá gé igbó ẹ̀gbà tí àwọn ọmọ yẹn ń sá pamọ́ sí kí wọ́n lè kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, kò dájú pé abo láti erékùṣù míì yóò wá rọ́pò wọn. Ibi tí wọ́n bí àwọn náà sí ni wọ́n ń padà sí.