Ibi tó Ṣófo Nìkan Ni Kó Yà

Ká ní akọ̀wé kan ní mairie Bantè tàbí ti Savalou ṣí àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ lọ súà. Ó yí máòsì, orúkọ kò mira. Ó tún un yí, gbogbo rẹ̀ fò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ré ẹni tó ń wá kọjá. Wọn á ní kọ̀ǹpútà ti gbó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ áàpù ló jẹ̀bi. Bí ọwọ́ bá ti kan máòsì, gbogbo àkọsílẹ̀ ni áàpù ń tún yà látòkè délẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bí ọgbọ̀n orúkọ péré ló ń hàn lójú.

Lórí bí áàpù kò ṣe ní máa yà ju bó ṣe yẹ lọ, olóògbé Bill Atkinson ni mo máa ń tọ́ka sí, ẹni tó kọ QuickDraw, ètò tó ń ya ohun tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, fún Lisa àti Macintosh, àwọn kọ̀ǹpútà Apple. Macintosh àkọ́kọ́ tó jáde ní 1984 kò ní ju kilobyte 128 mẹ́mórì lọ; píksẹ́lì 512 ni ìbú ojú rẹ̀, 342 ni gíga rẹ̀. Síbẹ̀ ìwé ń lọ sókè sódò lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n pè ní ScrollRect. Bí ìwé bá fi ìlà kan, ká ní píksẹ́lì 16, sún sókè, QuickDraw kì í tún lẹ́tà tó ti wà níbẹ̀ yà. Á gbé wọn sókè bí wọ́n ṣe wà, á wá fi ibi tó ṣófo nísàlẹ̀ han áàpù pé ibẹ̀ nìkan ló kù. Ká tilẹ̀ ní ìwé gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, píksẹ́lì 8,192 ni yóò yà nínú 175,104. Bí ahunṣọ òfì ṣe ń ṣe náà nìyẹn: ó ń ká èyí tó ti hun mọ́ra, òwú tí ọwọ́ kò tíì kàn ló ń dojú kọ.

Àmọ́ ibi tó ṣófo kì í fìgbà gbogbo gún. Wíńdò mìíràn lè bo igun kan rẹ̀, kó wá rí gbágungbàgun. Ibí gan-an ni ọgbọ́n Atkinson ti wù mí jù. Ìlà píksẹ́lì kan tẹ̀lé èkejì ni QuickDraw ń kọ irú ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: ojú ibi tí ìlà ti wọlé, ojú ibi tí ó ti jáde, ó tán. Ìlà tó bá bá ti òkè rẹ̀ mu, kì í kọ ọ́ rárá. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ onígun mẹ́rin gbọọrọ, byte 10 péré ti tó o.

Andy Hertzfeld, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, sọ pé ní 1982 àwọn ọ̀gá Lisa ní kí oníkálukú máa kọ iye ìlà kóòdù tó kọ lọ́sẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Atkinson ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá QuickDraw tó ń bójú tó irú ibi gbágungbàgun yẹn kọ ni: ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bí ìlọ́po mẹ́fà, ó sì fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ìlà dín. Ó kọ -2000 sínú fọ́ọ̀mù. Kò pẹ́ tí wọn kò fi gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.